Ògbufọ̀ tí Kò Jíṣẹ́: Ìpinnu Àtilọ sí Ilẹ̀ Ọkọ nínú Eré-onítàn Ama Ata Aidoo

Bí a bá bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní ìbéèrè lórí The Dilemma of a Ghost, eré-onítàn tí Ama Ata Aidoo kọ, ohun tí púpọ̀ nínú wọn máa ń kọ ni pé ìjà àṣà ni kókó inú rẹ̀. Wọn a ní àṣà Amẹ́ríkà kọ lu àṣà ilẹ̀ Áfíríkà, ilé sì dàrú. Lẹ́yìn èyí wọn a pín ẹ̀bi: ẹni tí àánú ìyàwó bá ṣe a dá àwọn ará ilé ọkọ lẹ́bi, ẹni tí ó bá sì ń gbè sẹ́yìn àwọn àgbà a ní agbéraga ni ìyàwó. Ìdáhùn yìí kò ṣàì ní òtítọ́ díẹ̀ nínú, olùyẹ̀wò kan sì lè fún un ní máàkì. Ṣùgbọ́n kò dé ìdí ọ̀rọ̀ náà. Àṣà kì í dá jà. Ènìyàn ni ó ń gbé e lọ sójú ìjà. Nínú eré yìí, ẹnì kan ṣoṣo ni ó gbọ́ èdè ìhà méjèèjì, òun ni ó sì pa ẹnu mọ́. Ọ̀rọ̀ ẹni náà ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò.

Ní oṣù kẹta ọdún 1964 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe eré náà ní Yunifásítì Gáná ní Legon, nígbà tí òǹkọ̀wé rẹ̀ ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Ọdún 1965 ni ìwé rẹ̀ jáde. Ó ti tó ọgọ́ta ọdún, Aidoo fúnra rẹ̀ sì ti papò dà ní ọdún 2023, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ inú eré náà kò tíì gbó. Ato Yawson, ọmọ Fantí, lọ kàwé ní Amẹ́ríkà. Níbẹ̀ ni ó ti fẹ́ Eulalie Rush, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí ìyá rẹ̀ ti kú. Àwọn méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè ẹ̀kọ́ tán ni wọ́n pinnu láti lọ máa gbé ní ilẹ̀ ọkọ. Nígbà tí ìyàwó yóò fi dé, ẹ̀rù ìbéèrè ti kún ilé: ta ni bàbá rẹ̀, kí ni orúkọ ìdílé rẹ̀, nígbà wo ni yóò bímọ?

Ìran àkọ́kọ́, èyí tí ó ṣáájú eré gan-an, ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fò kọjá kíá nítorí pé ó kúrú. A rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n padà síbẹ̀. Níbẹ̀ ni ìpinnu ti wáyé, ohun tí wọn kò sì sọ níbẹ̀ ni ó padà wá tú wọn nílé. Eulalie ń sọ̀rọ̀ nípa igi ọ̀pẹ, òkun aláwọ̀ aró àti iyanrìn etí òkun. Ato fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé inú ìwé àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ni ó ti rí gbogbo wọn. Àwàdà dùn, ṣùgbọ́n kò lọ jù bẹ́ẹ̀. Kò sọ fún un pé gbèsè wà lọ́rùn ìyá òun nítorí ẹ̀kọ́ òun. Kò sọ fún un pé kì í ṣe òun nìkan ni yóò jẹ́ ọkọ rẹ̀, pé àwọn àǹtí, àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá àti ìyá àgbà yóò máa wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Nígbà tí obìnrin náà sì dábàá pé kí wọ́n sún ọmọ bíbí síwájú, kíá ni Ato gbà. Ó tilẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọmọ kò jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀. Ọmọkùnrin tí ó mọ̀ dájú pé ọmọ ni ìbéèrè kìíní tí wọn yóò bi í nílé ni ó ń sọ èyí! Obìnrin náà fi òtítọ́ inú ṣe ìpinnu lórí ohun tí wọ́n fi hàn án. Ẹni tí ó mọ ìyókù kò fi hàn.

Nílẹ̀ Okun, ní Owé tí Kàbbà jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, ní Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, àwọn àgbà kò jẹ́ kí irú èyí ṣẹlẹ̀ láìsí ìdènà. Ìyẹn ni iṣẹ́ alárinà àti ìwádìí. Àwọn ọ̀dọ́ òde òní rò pé nítorí àti ká ọmọ lọ́wọ́ kò ni a ṣe ń wádìí. Ìdajì òtítọ́ ni. Ìdajì kejì ni pé ìwádìí ń mú kí ìhà kìíní mọ gbèsè, àrùn, èèwọ̀ àti ìwà ìhà kejì kí ẹrù ìyàwó tó kúrò nílé. Alárinà a gbọ́ ti ibí, a gbọ́ ti ọ̀hún, bí nǹkan bá sì bàjẹ́ lẹ́yìnwá ọ̀la, òun ni a ó pè. Nínú ìgbéyàwó Ato, kò sí alárinà, kò sì sí ọ̀nà tí ó fi lè sí. Òkun ńlá wà láàárín. Ta ni ó wá kù tí yóò ṣe iṣẹ́ náà? Ọkọ fúnra rẹ̀ ni. Èyí ni ojú tí ó yẹ kí ọmọ Yorùbá fi wo Ato, ojú tí àwọn lámèyítọ́ tí kò dàgbà lábẹ́ alárinà kò ní.

Ṣùgbọ́n ojú Yorùbá yìí kan náà lè ṣì wá lọ́nà bí a kò bá ṣọ́ra. Nígbà tí àwọn ará ilé ń béèrè ìdílé ìyàwó, akẹ́kọ̀ọ́ wa a rò pé ìwádìí bí ti ilé wa ni. Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn Fantí, tí wọ́n jẹ́ ara ìran Àkáǹ, kì í ka ọmọ mọ́ ìdílé bàbá bí àwa ti ń ṣe. Ìdílé ìyá ni ọmọ ń bá lọ. Ọmọ tí Ato bá bí kì í ṣe ti ìdílé Esi Kom, ìyá Ato. Ti ìdílé Eulalie ni. Bí Eulalie kò bá sì ní ìdílé tí a lè dárúkọ, ibo ni àwọn ọmọ náà yóò fẹ̀yìn tì? Ta ni yóò sin wọ́n bí wọ́n bá kú, ta ni wọn yóò jogún? Ní Kàbbà, bí ọmọ wa bá mú ìyàwó ilẹ̀ òkèèrè wálé, a lè máa kùn, ṣùgbọ́n ọkàn wa balẹ̀ pé tiwa ni ọmọ tí yóò bí. Oríkì bàbá rẹ̀ ni a ó fi máa kí i. Àwọn ará ilé Ato kò ní ìfọ̀kànbalẹ̀ yìí. Nítorí náà kì í ṣe ìkórìíra àlejò lásán ni ó mú wọn pariwo. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi èyí hàn nínú ìdáhùn rẹ̀ ti kúrò nínú ẹgbẹ́ àwọn tí ń há ìwé sórí.

Ìbéèrè náà sì fa ọ̀rọ̀ tí ó korò jù lọ nínú eré náà yọ. Ìyá àgbà gbọ́ pé ọmọ Amẹ́ríkà ni ìyàwó, pé aláwọ̀ dúdú sì ni, ó sì parí rẹ̀ sí pé ìran ẹrú ni. Ó sunkún ìtìjú. Ato gbìyànjú láti ṣàlàyé, àlàyé náà kò tà. Ibí yìí ni kò yẹ kí ọmọ Okun kà kíákíá. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ilẹ̀ wa gan-an ni àwọn ọmọ-ogun Núpé láti Bídà ń kó lẹ́rú, ọdún dé ọdún, títí ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company fi gba Kàbbà lọ́wọ́ wọn tí wọ́n sì ṣẹ́gun Bídà ní 1897. Àwọn kan nínú àwọn tí a kó dé Sàró. Ọ̀kan nínú wọn ni James Thomas, ọmọ Ìyàgbà, tí ó padà wá sí etí Ọya gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ ìjọ CMS ní Gbébé ní nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1850. Ìwé ìrántí tí ó kọ wà títí di òní. Femi Kolapo sì ṣe àtẹ̀jáde rẹ̀ ní 2013. Àwọn mìíràn kọjá sí òkè òkun, a kò sì gbúròó wọn mọ́. Bí ìyá àgbà Fantí bá ń sọ pé ìran ẹrú ni ìyàwó yìí, etí ẹni tí wọ́n kó ni ọmọ Okun gbọ́dọ̀ fi gbọ́ ọ, kì í ṣe etí ẹni tí ó jókòó nílé. Ẹni tí a pè ní ọmọ ẹrú lẹ́yìn odi, ní ilé wa nìbí, ọmọ tí ó sọnù ni.

Aidoo mọ èyí. Ó fi Eulalie sórí ìtàgé ní òun nìkan, ó ń bá ìyá rẹ̀ tí ó ti kú sọ̀rọ̀, ó ń sọ fún un pé òun ti dé orísun. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ń wá ilé ni. Kò sì sí ẹnì kan nínú ilé náà tí ó gbọ́ ọ bí kò ṣe àwa òǹwòran.

Ní ti ìlò-èdè, òǹkọ̀wé náà dá ọgbọ́n kan tí ó yẹ kí àwọn olùkọ́ tọ́ka sí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ẹ̀dá-ìtàn ń sọ, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ará ilé ń sọ kún fún òwe àti ìsinmi ọ̀rọ̀ àgbà, a sì mọ̀ pé Fantí ni ó dúró fún. Ti Eulalie jẹ́ ti ìgboro Amẹ́ríkà. Àwa tí a jókòó síwájú ìtàgé gbọ́ méjèèjì, nítorí náà a máa ń gbàgbé pé àwọn tí wọ́n wà lórí ìtàgé kò gbọ́ ara wọn. Àwọn ará ilé kò lè pe orúkọ ìyàwó bí ó ti yẹ; wọ́n pè é bí ahọ́n wọn ti gbà. Ìyàwó gbọ́ ìlù, ó bi ọkọ rẹ̀ léèrè bóyá àjẹ́ ni wọ́n ń lé. Ìlù òkú ni. Esi Kom gbé ìgbín wá fún ọmọ rẹ̀, oúnjẹ tí ìyá tí ó fẹ́ràn ọmọ ń gbé wá, ìyàwó sì ní kí wọ́n kó o dànù. Ní ibi kọ̀ọ̀kan wọ̀nyí, gbólóhùn kan péré láti ẹnu Ato ì bá ti tó. Ì bá sọ fún ìyàwó pé ìfẹ́ ni ó mú kí ìyá òun gbé ìgbín yìí wá. Ì bá sọ fún ìyá pé ojú ìyàwó kò rí irú rẹ̀ rí, kì í ṣe ìríra òun ni ó ń ṣe é. Kò sọ èyí, kò sọ ìyẹn. Bí ó bá bá ìyàwó sọ̀rọ̀, a máa pẹ̀gàn àwọn ará ilé díẹ̀. Bí ó bá bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀, a máa tọrọ àforíjì fún ìyàwó bí ẹni tí ń tọrọ gáfárà fún ọmọdé.

Èyí tí ó burú jù ni ti ọmọ bíbí. Àwọn mọ̀lẹ́bí rò pé àgàn ni Eulalie. Wọ́n fi ìfẹ́ inú wọn gbé ohun ìtúlẹ̀ wá láti fi tu àwọn baba ńlá lójú, kí wọ́n sì wẹ ìyàwó. Ìmọ̀ràn àwọn méjèèjì ni pé kí wọ́n má tíì bímọ. Ato mọ̀, ó sì dákẹ́. Ó jẹ́ kí àwọn àgbà fi ẹnu ara wọn pe obìnrin náà ní àgàn níwájú rẹ̀, ó sì jẹ́ kí ìyàwó rò pé wọ́n kàn wá fi í wọ́lẹ̀ ni. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọmọ ni wọ́n rán Ato, kò sì jẹ́ ẹ rárá. Nígbà tí ó tilẹ̀ ṣe ohun kan níkẹyìn, ọwọ́ ni ó gbé: ó gbá ìyàwó rẹ̀ létí, obìnrin náà sì sá jáde.

A gbọ́dọ̀ ṣe òdodo sí Ato náà. Kò rọrùn láti jẹ́ ẹni tí gbogbo ilé ta ohun-ìní nítorí rẹ̀. Àwọn obìnrin méjì tí ń pọn omi lójú ọ̀nà, ọ̀kan ọlọ́mọ púpọ̀, ìkejì aláìlọ́mọ, ń ka gbèsè náà sí wa létí, wọ́n sì ń ṣírò owó tí ó yẹ kí ọmọ tí ó ti òkè òkun dé máa kó wálé, èyí tí ẹ̀rọ oríṣiríṣi inú ilé ìyàwó ń jẹ tán. Ẹni tí ìdí yìí bá wà lẹ́yìn rẹ̀ lè rò pé bí òun bá lanu, òun yóò pàdánù ìhà kan. Eulalie pàápàá kò mọ́ tónítóní. Ọtí, sìgá àti ọ̀rọ̀ kòbákùngbé wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ní ìgbéraga ọ̀mọ̀wé. Síbẹ̀ àlejò lójú, kò fi ríran. Ẹni tí ó ní ojú ilé ni a ń bi léèrè ọ̀nà.

Àkọlé eré náà fúnra rẹ̀ fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀. Orin ọmọdé kan ni ó ti wá, nípa iwin kan tí ó dúró ní oríta, tí kò mọ̀ bóyá Cape Coast ni kí òun lọ tàbí Elmina. Àwọn lámèyítọ́ sọ pé Ato ni iwin náà, bẹ́ẹ̀ sì ni. Ṣùgbọ́n lójú Yorùbá, oríta kì í ṣe ibi ìdàrúdàpọ̀ nìkan. Ibi Èṣù ni. Èṣù gbọ́ èdè òkè, ó gbọ́ èdè ilẹ̀, ó ń gba iṣẹ́ lọ, ó ń gba iṣẹ́ bọ̀. Bí kò bá jíṣẹ́, ẹbọ kò dà. Ibi iṣẹ́ ògbufọ̀ ni Ato dúró sí, ó sì sọ ọ́ di ibi tí a ti ń sunkún pé ọ̀nà pọ̀ jù.

Ó yẹ kí a fi eré mìíràn wé e, èyí tí àwọn olùdíje WAEC kà láàárín ọdún 2016 sí 2020: A Raisin in the Sun, tí Lorraine Hansberry kọ, tí ó kọ́kọ́ hàn lórí ìtàgé ní New York ní oṣù kẹta ọdún 1959. Nínú rẹ̀, ọmọ Yorùbá kan tí ń kàwé ní Chicago, Joseph Asagai, fẹ́ kí Beneatha Younger fẹ́ òun kí ó sì bá òun padà sí Nàìjíríà. Orúkọ Asagai kì í ṣe orúkọ Yorùbá. Ó jọ orúkọ ọ̀kọ̀ àwọn ará gúúsù ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn bí yín nínú. Ohun tí ó gba àròjinlẹ̀ ni orúkọ tí ó fún ọmọbìnrin náà, Alaiyo, tí wọ́n kọ láìsí àmì ohùn. Asagai túmọ̀ rẹ̀ sí ẹni tí oúnjẹ nìkan kò tó fún. Aláìyó ni, àbí? Létí wa, ẹni tí kò yó ni: olójúkòkòrò tàbí ẹni tí ebi ń pa. Ìyá kan ní Kàbbà kò ní sọ ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Hansberry gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ikùn, ó gbé e sí ọkàn, ó sì di ìyìn. Ìyípadà yìí lẹ́wà, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ọmọbìnrin náà kò lè mọ̀ pé ìyípadà ni. Ìtumọ̀ tí olólùfẹ́ rẹ̀ bá fún un ni ó ní. Bí ó bá dé ìlú Asagai, tí ìyá àgbà kan gbọ́ orúkọ náà, tí ó sì bú sẹ́rìn-ín, ta ni yóò ṣàlàyé?

Hansberry kò mú wọn débẹ̀. Nígbà tí aṣọ ìtàgé bọ́ sílẹ̀, Beneatha kò tíì dáhùn. Ìyá rẹ̀ ní ó kéré jù láti ronú ìgbéyàwó, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ní kí ó wá olówó fẹ́. Àwọn kan ka àìdáhùn yìí sí àléébù. Lójú tiwa, ọgbọ́n ni. Asagai sọ púpọ̀ fún un nípa ìlú rẹ̀, pé àwọn tí ó lè kàwé níbẹ̀ kò pọ̀, pé ìjọba tí ń bọ̀ lè pa òun pàápàá. Ọ̀rọ̀ tí Ato kò lè sọ ni ó sọ. Nàìjíríà kò tíì gba òmìnira nígbà náà, a sì mọ̀ bí asọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ti súnmọ́ òtítọ́ tó. Ìpinnu tí kò tíì wáyé, ṣùgbọ́n tí a ti fi ojú hàn, sàn ju èyí tí a fi àwàdà ṣe lọ.

Kì í ṣe inú ìwé nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Ní 1979 ni àwọn obìnrin ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n fẹ́ ọmọ Nàìjíríà dá ẹgbẹ́ Nigerwives sílẹ̀, kí wọ́n lè máa ṣe fún ara wọn ohun tí ọkọ kò ṣe tàbí tí kò lè ṣe. Abala 26 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ ti 1999 fi àyè gba irú obìnrin bẹ́ẹ̀ láti di ọmọ Nàìjíríà nípa ìforúkọsílẹ̀. Kò fi irú àyè náà gba ọkùnrin àjèjì tí ó fẹ́ ọmọbìnrin wa. Òfin pàápàá gbà pé obìnrin ni í bá ọkọ lọ. Aidoo àti Hansberry náà, obìnrin ni wọ́n ní kí ó ká aṣọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin Okun ti bá ìyàwó wọn lọ sí ilẹ̀ òkèèrè báyìí, tí ìyàwó sì ń ṣe ògbufọ̀ fún wọn níwájú àwọn ará ilé tirẹ̀. A ń retí òǹkọ̀wé Yorùbá tí yóò kọ eré ti ìhà yẹn.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìgbà tí Eulalie sá jáde. Ato lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó sì wá jẹ́wọ́ níkẹyìn pé àwọn ni wọ́n pinnu láti má bímọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rò pé Esi Kom yóò bínú sí ìyàwó. Ọmọ rẹ̀ ni ó dojú ọ̀rọ̀ kọ. Ó fi òwe bá a wí pé bí àlejò bá ṣe ohun tí kò tọ́, ọmọ ìlú kan ni ó tọ́ ọ sọ́nà bẹ́ẹ̀. Lẹ́nu ìyá tí kò kàwé ni ìdájọ́ náà ti jáde, kì í ṣe lẹ́nu àwa lámèyítọ́. Ó tún rán wọn létí pé ìyàwó yìí kò ní ìyá láyé, pé bí ìyá náà bá láàánú, ẹ̀mí rẹ̀ yóò máa ṣọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ rẹ̀. Esi Kom kò gbọ́ ọ̀rọ̀ tí Eulalie bá òkú ìyá rẹ̀ sọ. Síbẹ̀ ó dáhùn rẹ̀. Iwin méjì ni ó wà nínú eré náà nígbà náà: ti oríta tí kò mọ ọ̀nà, àti ti ìyá tí ó tẹ̀lé ọmọ rẹ̀ wá.

Olùkọ́ tí yóò bá kọ́ ọmọ ní ìran yìí, kí ó jẹ́ kí wọ́n ya àwòrán ilé náà. Apá tuntun wà tí àwọn ará ilé kọ́ mọ́ ọn nítorí ọmọ wọn ọ̀mọ̀wé, apá àtijọ́ sì wà tí ìdílé ń gbé. Nígbà tí Eulalie padà dé, tí ara rẹ̀ ti rọ, Esi Kom ni ó gbà á mọ́ra, ẹnu ọ̀nà apá àtijọ́ ni ó sì mú un gbà wọlé. Ògbufọ̀ kò sí láàárín wọn. Ato wà níta nínú àgbàlá, orin àwọn ọmọdé sì ń dún sí i létí.